KÍ A TÓ KÓ ÀWỌN ỌMỌ LỌ WO DISNEY: ÌSỌ̀ WA NI Ẹ̀RÍ WA

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wá nígbà tó dé ìpàdé. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní òun fẹ́ kó ọkọ òun àti ọmọ òun mẹ́ta lọ sí Disney lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, kí àkọ́bí tó wọ yunifásítì, kí oníkálùkù wọn tó tú ká. Àwọn kan pariwo pé owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ. Àwọn mìíràn ní kí ló burú ńbẹ̀. Nígbà tí a wá rò ó dáadáa, a rí i pé kò yẹ ká bú u. Ẹni tó ń ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún, ta ló bú u rí? Kí ló dé tí a ó fi bú ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun fojú rí ayé?

Gbólóhùn kejì tó sọ ló bà wá lẹ́rù. Ó ní òun ti ń wá ẹni tó máa ra ṣọ́ọ̀bù òun ní Boundary, kí òun fi owó ẹ̀ ṣe é. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé yín fi gbé bírò.

DISNEY WO LÀ Ń SỌ?

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Walt Disney ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti ọdún 1928 ni eku elétí ńlá rẹ̀, Mickey Mouse, ti ń jáde nínú sinimá. Ọgbà ìṣeré rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣí ní California ní 1955, ti Florida ṣí ní 1971, èyí tó wà nítòsí Paris ní ilẹ̀ Faransé ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 1992. Kì í ṣe pápá tí wọ́n kàn so jáńgílófà mọ́ o. Bí ìlú kékeré ló rí. Ààfin wà ńbẹ̀, odò wà ńbẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré gòkè sáré sọ̀ lórí irin náà wà ńbẹ̀, tó jẹ́ pé àgbà tó bá wọ̀ ọ́ á pe orúkọ ìyá ẹ̀.

Ti Paris ló sún mọ́ wa jù. Ọkọ̀ òfurufú tó bá gbéra tààrà láti Lagos ń lò tó wákàtí 6. Ti Amẹ́ríkà ti le sí i: ní oṣù Kejìlá 2025, ìjọba wọn kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, àwọn dá físà àbẹ̀wò dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń ro Florida, kó kọ́kọ́ wádìí bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ. Ti Paris la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

KÍ LÓ MÁA GBÉ Ẹ PADÀ WÁLÉ?

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin ìyá wa, ìbéèrè tí àwọn onífísà ń béèrè gan-an nìyẹn. Wọn ò bi yín bóyá ẹ fẹ́ràn ọmọ yín. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé, tí ẹ bá dé ìlú òyìnbó, kí ló máa gbé yín padà? Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ̀ fún èèyàn, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé ó ṣe àwọn bí ẹni pé onítọ̀hún ò ní padà kí físà tó tán. Ní ọdún 2024, nínú èèyàn mẹ́wàá tó bèèrè físà Schengen láti Nàìjíríà, èyí tó kárí ilẹ̀ Faransé àti àwọn tó yí i ká, ó lé ní mẹ́rin tí wọ́n kọ̀ fún. Owó tí wọ́n san kò padà.

Kí wá ni ìdáhùn tiwa? Ṣọ́ọ̀bù wa ni. Oníṣẹ́ ìjọba á fi lẹ́tà ibi iṣẹ́ hàn. Àwa, ìsọ̀ wa ni lẹ́tà wa: ìwé tí a fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, rìsíìtì owó orí, ìwé háyà ṣọ́ọ̀bù, ìwé ẹgbẹ́, àti àkọsílẹ̀ owó báǹkì tí wọ́n ń pè ní sitétimẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ta ṣọ́ọ̀bù kó lè rí owó físà, ó ti fa ẹ̀rí ara ẹ̀ ya. Ó kó owó dání lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dúró dè é nílé mọ́. Ẹ rò ó wò, tí ẹ bá jẹ́ òyìnbó ọ̀hún, ṣé ẹ máa gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á padà?

OWÓ ALÁJỌ KÒ LẸ́NU

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ nìyí. Òwò ń lọ, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ alájọ ló wà, tàbí nínú kóló, tàbí kí ó ti di ọjà kó tó dalẹ́. Báǹkì ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀. Nígbà tí físà bá wá dé, a ó lọ kó èsúsú ńlá, a ó tún yá kún un, a ó dà á sí báǹkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn onífísà ti mọ ìyẹn. Owó tó já bọ́ lójijì, ìfura ló ń fà.

Ẹ jẹ́ kí owó ọjà yín máa mí nínú báǹkì bó ṣe ń mí ní ìsọ̀. Ẹ tà, ẹ fi sí i. Ẹ fẹ́ ra ọjà, ẹ gbà á níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ta ẹja dídì, kí owó tí ẹ fi ra páálí ẹja hàn pé ó jáde, kí owó ẹja tí ẹ tà hàn pé ó wọlé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko kí ẹ tó bèèrè físà. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ lè máa dá àjọ yín lọ o, a ò ní kí ẹ lé alájọ. Ohun tí à ń sọ ni pé owó alájọ kò lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀ níwájú òyìnbó.

Ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n má sì pàdé: ojú owó, owó ilé, owó ìrìn-àjò. Inú èrè ni owó ìrìn-àjò ti gbọ́dọ̀ wá. Tí kò bá tíì pé, ẹ sún un di ọdún tó ń bọ̀. Eku tó ti ń jó láti 1928, kò ní kú lọ́dún yìí.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ẹ̀

Ká ní bàbá, ìyá, ọmọ ọdún 14, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 5 ni.

Pásípọ́ọ̀tù: ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba gbé èyí tó ní ojú ewé 32, tó ń lo ọdún 5, dé 100,000 náírà. Èèyàn márùn-ún, 500,000 náírà nìyẹn. Ọmọdé náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NIN, kí òbí sì kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i.

Físà: láti oṣù Kẹfà 2024, 90 yúrò ni ti àgbà, 45 yúrò ni ti ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ọdún 14 ti di àgbà lójú wọn. Tiwọn pọ̀ di 315 yúrò. Tí yúrò kan bá jẹ́ 1,700 náírà, 535,500 náírà ni. Àwọn tó ń gba ìwé náà tún ní owó iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò: ọ̀ranyàn ni fún gbogbo èèyàn márààrún, ó sì gbọ́dọ̀ lè san tó 30,000 yúrò tí àìsàn bá dé.

Lẹ́yìn èyí ni owó ọkọ̀ òfurufú, ilé tí ẹ máa sùn, oúnjẹ, àti owó ẹnu ọ̀nà Disney fúnra ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í san owó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti pé 12, owó àgbà ló ń san, nínú ọkọ̀ òfurufú náà bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá máa pé ọdún 12 lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi sínú ìṣírò.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni náírà wa. Kó tó di oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ti ń kó owó náírà jọ fún Disney láti 2021 á rí i pé owó òun ti di ìdá mẹ́ta láìjẹ́ pé olè wọlé. Nítorí náà, yúrò ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe náírà. Lóṣooṣù, ẹ tún un ṣí wò.

ÈYÍ TÓ YẸ KÓ ṢÁÁJÚ

Ẹ ṣe pásípọ́ọ̀tù kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè físà. Ẹ lè bèèrè láti oṣù 6 ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ 15 ó kéré tán. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 o, nítorí wọ́n lè fi ọjọ́ 45 yẹ ìwé yín wò. Tíkẹ́ẹ̀tì àti ilé ìtura tí ẹ fi há ìwé físà, kí ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè fagi lé láìjẹ gbèsè. Ìgbà tí físà bá bọ́ sí ọwọ́ ni kí ẹ tó san gbogbo owó. Tí òbí kan ò bá ní lọ, kó kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún àwọn ọmọ.

Ní ti ejẹ́ǹtì: ẹni tó bá sọ pé físà dájú lọ́wọ́ òun, irọ́ ló ń pa. Ilé ìjọba Faransé nìkan ló ń fúnni ní físà wọn. Ẹ lè sanwó fún ẹni tó máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bá yín ṣe sitétimẹ́ǹtì ayédèrú. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ìwé irọ́, ọ̀nà míì á nira fún òun àti àwọn ọmọ ẹ̀.

ÌGBÀ WO LÓ DÁRA?

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n kan. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ, ọmọ òyìnbó ń ṣe họ́lídé, èrò á pọ̀, ohun gbogbo á gbówó lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ Faransé ti padà sí iléèwé, ọ̀pọ̀ ọmọ Lagos ṣì wà nílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹ mú. Ó tún dára fún ọjà, nítorí ẹ ti máa padà dé kí ìtàjà ìparí ọdún tó gbérí.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi téèpù aránṣọ wọn àwọn ọmọ. Ọkọ̀ kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà 102 kó tó wọ̀ ọ́, òmíràn 120. Ó sàn kí ọmọ mọ̀ ọ́n ní Ajégúnlẹ̀ ju kó máa sunkún lórí ìlà ní Paris. Ní ti ẹrù, ẹ má di ẹran tàbí wàrà, òfin wọn kò gbà á. Àtẹ̀yìnwá, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù lé ẹni tó mọ iye owó ọjà lọ́wọ́, ẹ sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà, ẹ san owó ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ gba gbèsè tó wà níta.

BÍ KÒ BÁ TÍÌ ṢEÉ ṢE

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ọmọ tó ní láti dé Paris kó tó mọ̀ pé ìyá òun fẹ́ràn òun. Apapa Amusement Park ń bẹ ní tòsí wa. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2023 ń gbé èèyàn láti Mile 2 kọjá lórí ọ̀sà dé Marina. Ẹ kó wọn wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Badagry náà kò jìnnà, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845 ṣì wà ní ìdúró. Àwọn ìrìn kéékèèké yìí á tún kọ́ yín bí owó ṣe ń lọ tí ẹ bá kó ọmọ jáde, iye ìgbà tí wọ́n ń tọrọ omi, iye ìgbà tí wọ́n ń wá ilé ìtọ̀.

Ẹni tó bá sì lè lọ, kó lọ. Kó ya fọ́tò, kó rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rí òun láìsí igbá lórí, láìsí gbèsè lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀ padà ní Ìkejà, kí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà nínú báàgì rẹ̀, kí ọjà wà lórí àtẹ, kí owó iléèwé sáà tuntun ti wà nílẹ̀. Ìrìn-àjò tó dùn nìyẹn.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fi èrè gbé ọmọ wa débi ire. Ajé á máa bá wa gbé o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́