Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ó Dín Márùn-ún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò. Èyí tó wà nínú fóònù yín náà tó. Ẹ mú nọ́ńbà kan tí a fi àmì mẹ́ta kọ, kí àmì iwájú fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju àmì ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a mú 742. Ẹ kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, yóò di 247. Ẹ yọ 247 kúrò nínú 742, yóò ku 495. Ẹ tún kọ 495 láti ẹ̀yìn wá síwájú, yóò di 594. Kí ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹ ó rí 1089. Ẹ mú 931 wàyí: ẹ yọ 139, yóò ku 792, ẹ ro 792 mọ́ 297. 1089 náà ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àdììtú yìí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì quatrième, ariwo sọ. Wọ́n dán nọ́ńbà bí ogún wò, 1089 kò yéé jáde. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní, "Olùkọ́, ẹ ti ṣe nǹkan sí ẹ̀rọ yìí." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ìdí, gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ̀rọ a máa sọ iye tó jẹ́. Kì í sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ọmọbìnrin kan pe 495 fún wa. Ó pè é ní Faransé, kò ṣì í: quatre cent quatre-vingt-quinze. Mo ní kó pè é ní Yorùbá. Ọmọ tí ń sọ Yorùbá nílé ni. Síbẹ̀, ó ka oókan, eéjì, títí dé ẹẹ́wàá, ó wolẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. N kò bá wọn wí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi náà ní ìṣirò láti kékeré, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé òǹkà Yorùbá lọ́jú pọ̀ jù fún ẹ̀kọ́. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà.

Ní ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú ìdáhùn: "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín márùn-ún." Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mo kọ 792 sí abẹ́ rẹ̀: ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́jọ. Mo wá tún 742 àti 931 kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló fò dìde lẹ́yìn: "7 yọ 2 ku 5! 9 yọ 1 ku 8!"

Àṣírí tú. Nínú 742, àmì 7 dúró fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Nígbà tí a yí i padà, ó di ẹyọ méje lásán. Àmì 2, tó jẹ́ ẹyọ méjì, sì di igba. Nítorí náà, fún oókan kọ̀ọ̀kan tí àmì iwájú fi ju ti ẹ̀yìn lọ, ọgọ́rùn-ún kan ń wọlé, oókan ń jáde. Bí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ márùn-ún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wọlé, márùn-ún jáde. Ìdí nìyí tí àmì àárín fi máa ń jẹ́ 9, tí àmì méjì etí náà fi máa ń jẹ́ 9 bí a bá rò wọ́n pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì fi ń já sí 1089. Quatre-vingt-quinze ń gun òkè díẹ̀díẹ̀: ogún lọ́nà mẹ́rin, ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yorùbá ti dé orí òkè ná kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ iye ìṣísẹ̀ tó fi sọ̀.

Ìyá mi àgbà, tó ta gàrí ní ọjà Kétu, kò mọ̀wé. Bí oníbàárà bá ra òṣùwọ̀n mọ́kàndínlógún ní àádọ́jọ fráǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ní ogún òṣùwọ̀n jẹ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún, kó dín àádọ́jọ. 2850 ti jáde kí n tó wá gègé mi rí. Orúkọ nọ́ńbà náà ló fi ọ̀nà hàn án. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé ní Ìjàyè, tẹ àlàyé kan jáde lórí òǹkà yìí ní ọdún 1887. Owó ẹyọ ló tọ́ka sí, tí wọ́n ń kà ní márùn-ún márùn-ún, tí wọ́n ń kó jọ ní ogún-ogún.

Ẹ tún gbé ẹ̀rọ yín. 9 lọ́nà 9: 81. 99 lọ́nà 99: 9801. 999 lọ́nà 999: 998001. 9999 lọ́nà 9999: 99980001. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí ojú rẹ̀ kò gbà ju àmì mẹ́jọ lọ, ti kún níbẹ̀. Nígbà tí a fi 9 kan kún un lápá kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì, ó kọ E, ó sì dúró.

Ọmọbìnrin ìjẹta ló bọ́ síwájú. Ó ní 99999 jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún ó dín ẹyọ kan. Ó kọ 9999900000, ó yọ 99999 kúrò nínú rẹ̀, ó sì fà á nílà: 9999800001. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n wá kọjú sí mi pé kí n pe èsì náà ní Yorùbá. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Ajé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ra obì, mo gba ilé ìyá àgbà rẹ̀ lọ.