Ìka Ọwọ́ Òsì Onígìtá: Agbára Kọ́ Ni Ìyára

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ lọ́kàn wa láti bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó tì í ní alaalẹ́. Bí a bá ń kọjá ní àdúgbò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, a kì í ṣàì gbọ́ ẹnì kan nínú iyàrá tí ń sáré lórí okùn gìtá bí ẹni tí ajá ń lé. Ohùn kan á dún, èkejì á kú, ẹ̀kẹta á máa han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Orin náà yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin mọ́. Ìyára ìka ni gbogbo wọn ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ni pé ìkánjú àti agbára gan-an ni ó ń lé ìyára náà jìnnà sí wọn.

Kì í ṣe pé a ń fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti jìyà àṣìṣe kan náà rí. Akọ̀wé ni wá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a fi ń jẹun, ọwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan gìtá, a kì í ṣe ọmọdé mọ́, síbẹ̀ a fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin wa dọ́gba láàárín oṣù kan. A ń tẹ okùn bí ẹni tí ń fún gàárì, a sì ń ṣe é fún wákàtí méjì láìsinmi. Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ òsì wa fi wú, tí ìka wa sì kú tìpìrì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni a fi ń fi ọwọ́ kan tẹ̀wé, tí iṣẹ́ ń ga lórí tábìlì wa, tí ọ̀gá wa sì ń wò wá bí ọ̀lẹ. Ìgbà tí ara yá ni a tó gbà láti lọ jókòó lẹ́bàá àgbàlagbà onígìtá kan. Bàbá náà wo ọwọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Akọ̀wé, kí ni gìtá yìí fi ṣẹ̀ ọ́ tí o fi fún un lọ́rùn báyìí?”

Láti ọjọ́ náà ni ojú wa ti là. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Kò sí ibi tí òwe yìí gbé ṣẹ ju orí ọrùn gìtá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe ọwọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹran ara tí ń fún ìka ní agbára kò sí nínú ìka rárá. Inú apá ni ó wà, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Iṣan tí ó dà bí okùn ni ó so ó mọ́ ìka, àwọn iṣan wọ̀nyí sì ń gba ihò tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára tí ń jẹ́ kí ìka mọ ohun tí ó fi ara kàn. Bí a bá ká ọrùn ọwọ́ kò bí ìwọ̀ apẹja, tí a sì ń fi agbára tẹ okùn lọ láìsinmi, ihò náà á há fún wọn, ìrora á sì dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìka kò dọ́gba. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, kí ẹ ká ìka àárín sábẹ́, kí ẹ sì gbìyànjú láti gbé ìka òrùka nìkan sókè. Ẹ ó rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mira, nítorí pé iṣan so òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ìka náà ń ṣe. Bí a ti dá a nìyẹn, sùúrù ni a sì fi ń kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ohun tí bàbá náà kọ́ wa, tí àwa náà sì ti dán wò, nìwọ̀nyí.

Èkíní ni àtàǹpàkò. Ẹ̀yìn ọrùn gìtá ni kí ó gbé dúró jẹ́jẹ́, kí ó dojú kọ ìka àárín. Òtítọ́ ni pé àwọn olórin kan a máa gbé e wá sókè láti fi tẹ okùn ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ ìyára kò gbọdọ̀ sọ àtàǹpàkò di ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Nígbà mìíràn, ẹ mú un kúrò pátápátá kí ẹ sì máa ta okùn lọ. Bí orin bá dáwọ́ dúró, ẹ mọ̀ pé fífún ni ẹ ti ń fún ọrùn gìtá.

Èkejì ni ibi tí ìka gbé tẹ okùn. Irin wẹ́wẹ́ ni a fi dábùú ọrùn gìtá, tí àwọn onígìtá ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ irin náà gan-an ni kí orí ìka tẹ̀, kì í ṣe àárín méjì. Bí ìka bá jìnnà sí irin, okùn á máa gbọ̀n, a ó sì fi agbára púpọ̀ wá ohùn díẹ̀. Ẹ dán èyí wò: ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ ta á, yóò dún bí ohun tí a fi aṣọ bò. Ẹ máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Gbogbo ohun tí ẹ bá tún fi kún un, òfò ni. Oníṣòwò tí ó gbọ́n kì í san náírà mẹ́wàá fún ọjà náírà mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ìka má ṣe rìn jìnnà. Ẹ wo ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò na apá kọjá ibi tí òwú gbé mọ. Onígìtá tí ìka rẹ̀ ń fò sókè bí ẹsẹ̀ tata ní ìrìn àjò méjì láti rìn fún ohùn kọ̀ọ̀kan: lílọ àti bíbọ̀. Kí ìka tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ máa rà bàbà lórí okùn, kí èyí tí ó ti tẹ okùn sì dúró síbẹ̀ títí a ó fi nílò rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí ìka kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀: ìfábẹ̀lá tí a fi ń tọ́ka, ìka àárín, ìka òrùka, àti ọmọńdinrín, fírẹ́ẹ̀tì kan sí ìka kan. Kí ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìdí ọrùn gìtá lókè pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni àlàfo gbé fẹ̀ jù. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó mìlímítà 650, àlàfo àkọ́kọ́ tó mìlímítà 36. Àlàfo karùn-ún jẹ́ 29. Ìkejìlá kò sì ju 19 lọ. Níbi karùn-ún ni kí ọwọ́ gbé bẹ̀rẹ̀, kí ó máa sún lọ sí ibi tí ó fẹ̀ bí ó ti ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀karùn-ún ni àṣetúnṣe. Ìka mẹ́rin ni a ní, ọ̀nà 24 ni a sì lè gbà tò wọ́n tẹ̀ léra: 1-2-3-4, 1-3-2-4, 4-2-3-1, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, kí ẹ fi wọ́n gba orí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Aago ara ògiri tó láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà 60 ni ó ń dún ní ìṣẹ́jú kan. Ohùn kan sí ìdún kan. Bí ó bá ti mọ́ tán, ohùn méjì. Lẹ́yìn náà, mẹ́rin, èyí tí í ṣe ohùn 240 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá ní mẹ́trónóòmù, ẹ̀rọ tí ń ka àkókò fún olórin, tàbí irú rẹ̀ nínú fóònù, kí ó máa fi 4 kún un: 64, 68, 72. Bí ohùn kan bá kú lẹ́ẹ̀mejì, kí ó padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi ohùn mẹ́rin sí ìdún kan dé 120 ń ta ohùn mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn tí ó gbọ́ ọ yóò sì rò pé oògùn ni ó lò. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ọwọ́ a máa rántí ohun tí a bá ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ìbáà ṣe rere tàbí búburú. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú ṣe àṣìṣe kan nígbà ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe náà ni ó ti kọ́ dáradára.

Bóyá ẹnì kan ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ìka òun kúrú, tàbí pé kò lágbára. Kí ó gbọ́ ìtàn Django Reinhardt, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1910. Ní 1928, iná jó ọkọ̀ tí ó fi ṣe ilé nítòsí Párísì, ó sì ba ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́. Ìka òrùka àti ọmọńdinrín rẹ̀ ká kò títí ayé. Ó padà sí gìtá rẹ̀, ó tún gbogbo ẹ̀kọ́ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni ó sì ń fi sáré lórí okùn. Ní 1934 ni òun àti Stéphane Grappelli tí ń ta gòjé dá ẹgbẹ́ olórin olókìkí sílẹ̀ ní Párísì, àwọn onígìtá ayé sì ń farawé e títí di òní, bí ó tilẹ̀ ti kú láti 1953. Bákan náà ni Tony Iommi ti ìlú Birmingham, ọlọ́wọ́ òsì tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ okùn. Ní 1965, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé orí ìka méjì nínú ọwọ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ mú àwo orin Django wá fún un, ọkàn rẹ̀ sì sọjí. Ó fi ike ṣe ìbòrí fún orí ìka wọ̀nyí, ó sì wá okùn tí ó fúyẹ́ láti tẹ̀. Bí ìyára bá jẹ́ ti ìka tí ó pé tàbí tí ó lágbára, àwọn méjèèjì yìí ì bá ti sọ gìtá sílẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Láti ìgbà tí Túndé King ti ń ṣe àwo orin jùjú ní Èkó ní 1936, gìtá kò nìkan jókòó nínú orin wa. Òun àti ìlù ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè ní 1949, ìdí tí onígìtá jùjú fi ń bá okùn jà kí a lè gbọ́ ọ láàárín ìlù dín kù. Ohun tí ó kù tí orin náà ń béèrè ni kí ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àyè tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ọwọ́ onígìtá kan bá sáré ṣáájú ìlù, agbo gbogbo á dàrú, àwọn tí ń jó á sì wo ojú ara wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òwúrọ̀ àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní alẹ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé lọ. Orí ìka tí ń ta ẹni ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Awọ ibẹ̀ yóò le. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ti dé ọrùn ọwọ́ tàbí apá, tàbí tí ìka bá ń kú, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí kò bá sì lọ, ẹ wá oníṣègùn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ yín ń ta ohùn mẹ́rin kan náà jẹ́jẹ́ fún ìdajì wákàtí, ẹ má ṣe bú u pé kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń kọ́ ọ bí ó ti yẹ ní gbogbo àdúgbò.

Ní ti àwa, ìka wa ti padà sí ẹnu iṣẹ́. A kò tíì yára bí àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ohùn wa mọ́, ọrùn ọwọ́ wa kò sì wú mọ́. Ó dìgbà kan ná.