Ìfiyefún Kì í Ṣe Ìdọ́gba: Àríyànjiyàn lórí Àmì Kan nínú Èdè Python

Ní ọdún 2018, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń tọ́jú èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Python. Àmì kan ṣoṣo ni ó fà á, èyí tí a fi kólọ̀n àti àmì ìdọ́gba kọ pọ̀: :=

A lè fi ẹni tí ń ra kòkó ní Wásinmi, lẹ́bàá Ìkirè, ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó ti ń gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, ó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń wò ó bóyá ó tó. Nínú Python àtijọ́, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń kọ méjèèjì sí, nítorí àmì = kò gbọdọ̀ wọ inú ìbéèrè. Èyí ní ìdí. Nínú èdè C, == ni a fi ń béèrè bí ìwọ̀n bá dọ́gba pẹ̀lú 60. Ẹni tí ó bá gbàgbé àmì kan nínú méjèèjì kò béèrè nǹkan kan mọ́: ó ti kọ 60 lé ìwọ̀n tòótọ́ lórí, kọ̀ǹpútà yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Àbá tuntun náà, PEP 572, ní kí := máa fi iye fún orúkọ nínú ìbéèrè gan-an. Àwọn alátakò ní ìlà yóò ṣòro kà, àti pé àmì méjì pọ̀ jù fún iṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Guido van Rossum, ẹni tí ó dá Python sílẹ̀, fọwọ́ sí àbá náà, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀hún sú u débi pé ó fi ipò olórí sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Ní 2019 ni a yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún rọ́pò rẹ̀, tí àmì náà sì wọ Python 3.8.

Olùkọ́ tí ó bá ka x = 5 sí “x dọ́gba pẹ̀lú 5” ti gbé àṣìṣe èdè C sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti pààlà tipẹ́: “Jẹ́ kí ìwọ̀n jẹ́ 60” jẹ́ àṣẹ, “Ṣé ìwọ̀n jẹ́ 60?” jẹ́ ìbéèrè. Anuoluwapo Karounwi lo ànfààní yìí nínú Yorlang, níbi tí jẹ́kí ti ń ṣáájú orúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé = ṣì ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yẹ àṣẹ ni ìfiyefún; kí a fi ìdọ́gba sílẹ̀ fún ìbéèrè. Àmì := lè jẹ́ ìfiyefún inú ìbéèrè. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é lọ, ìyẹn orúkọ ẹranko eléyín gígùn kan tí ń gbé inú òkun tútù, nítorí pé àmì náà jọ ojú àti eyín rẹ̀.