Ǹjẹ́ Sẹ́ẹ̀lì Gbọ́ Iṣẹ́ Tí A Rán Sí I?

Bí a bá jẹun tán, ṣúgà á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ínsúlínì ni ara ń rán sí àwọn sẹ́ẹ̀lì, ègé tín-ín-tín tí ó kóra jọ di ẹran ara wa, pé kí wọ́n gba ṣúgà wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ínsúlínì ń dúró sí. Àwọn ará ilé ni ń gbé iṣẹ́ náà wọ inú. Ọ̀kan nínú wọn ni pùròtéènì tí ń jẹ́ Akt. Bí iṣẹ́ bá kàn án, fósífeètì á so mọ́ ọn lára, bí ìgbà tí a fi àrokò lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́.

Nínú irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ jù, ínsúlínì á ké títí, sẹ́ẹ̀lì kò ní gbọ́ dáadáa. Báwo ni a ó ṣe mọ̀?

A ó tú sẹ́ẹ̀lì, a ó da omi rẹ̀ sínú ihò kékeré kan. Àńtíbọ́dì, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ti lẹ̀ mọ́ ìdí ihò náà. Yóò di gbogbo Akt mú. A ó ṣan ìyókù dànù. A ó wá da àńtíbọ́dì kejì sí i, èyí tí kò mọ Akt àfi tí fósífeètì bá wà lára rẹ̀. Akt á há sí àárín méjèèjì bí ẹyin láàárín búrẹ́dì. Ìkejì yìí ni a fi ń mú àwọ̀ jáde: bí àwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni àrokò pọ̀ tó. Eva Engvall àti Peter Perlmann ní Sweden wà lára àwọn tí ó gbé irú àyẹ̀wò aláwọ̀ yìí jáde ní 1971.

Ẹ má rò pé ó tán o. Inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni àwọn tí ń já fósífeètì wà. Bí a kò bá tètè gbé e sórí yìnyín, kí a sì fi oògùn dá wọn dúró, wọn á já a kúrò. Àyẹ̀wò á ní iṣẹ́ kò dé, bẹ́ẹ̀ ó ti dé.