Àpótí tó ń dípò rẹsísítọ̀: bí a ṣe wá iye tó bá àtẹ̀gùn ilé wa mu

Nínú ètò tó kọjá, mo mẹ́nu ba àpótí kan tí mo máa ń lò tí mo bá ń to sákíìtì, mo sì ní màá kọ nípa rẹ̀ síbí, torí pé ọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà nínú, ó sàn kéèyàn fojú rí i ju kó kàn gbọ́ ọ lọ. Ìtàn àpótí náà bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa.

Màmá mi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní London nígbà òtútù tó kọjá. Òkè ni yàrá tí wọ́n ń sùn wà, ìsàlẹ̀ ni tọ́lẹ́ẹ̀tì wà, àtẹ̀gùn 13 ló sì wà láàárín méjèèjì. Òru ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dé, a gbọ́ gbì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àtẹ̀gùn méjì tó kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ wọn ti yọ̀, ìdí ni wọ́n fi jókòó, kò sì ju pé ìbàdí ń dùn wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo ní, “Ẹ máa tan iná, mà.” Wọ́n ní bọ́tìnnì iná jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àwọn, àti pé táwọn bá tàn án, àwọn ọmọ á jí, kò sì sẹ́ni tó máa tún sùn mọ́ nínú ilé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹni ọdún 74 ò gbọ́dọ̀ tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyàwó mi ní kí n lọ ra iná òru kékeré lọ́jà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, mo ní màá ṣe é fúnra mi.

Sákíìtì ọ̀hún ò le. Ṣájà fóònù àtijọ́ kan ló ń fún un ní fóltì 5. LED funfun kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Transísítọ̀ kékeré kan, 2N3904, ló dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì: tó bá ṣí, iná á kọjá sínú LED, tó bá tì, LED á kú. Ohun tó ń sọ fún ẹ̀ṣọ́ yìí pé ilẹ̀ ti ṣú ni LDR, ìyẹn rẹsísítọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ìdènà rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tí òkùnkùn bá dé, ìdènà rẹ̀ á ga sókè. Ìdènà ni mò ń pe ohun tí à ń fi ohm wọ̀n, bó ṣe ń ṣòro tó fún iná láti gba inú nǹkan kọjá.

Ó wá ku rẹsísítọ̀ kan, tí màá pè ní R. R ń fa fóltì sókè láti ojú 5, LDR ń fà á wálẹ̀ sí ojú òdo. Àárín àwọn méjèèjì la so ẹsẹ̀ transísítọ̀ tó ń gba àṣẹ mọ́. Tí fóltì ibẹ̀ bá ti tó bíi 0.65, géètì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìyẹn máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdènà LDR bá tó bí ìdá kan nínú méje ti R. Ìyẹn ni pé R ló ń pinnu bí òkùnkùn ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí iná tó tàn. Tí R bá kéré, iná á tètè tàn. Tó bá pọ̀, iná á dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú biribiri.

Mo kọ́kọ́ fi 10 kΩ sí i, ìyẹn ohm 10,000, torí òun ló wà lọ́wọ́. Iná tàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdá kan nínú méje 10 kΩ ò ju nǹkan bí ohm 1,500 lọ, LDR mi ò sì lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé àfi tí oòrùn bá ràn sí i lójú. Oòrùn wo, ní London, ní oṣù January? Inú bí mi, mo fò lọ sí 220 kΩ. Iná ò tàn rárá, lọ́sàn-án àti lóru. Mo ti ju transísítọ̀ méjì nù, mo rò pé wọ́n ti jóná ni, kí n tó wá rí i pé iná òpópónà ń gba fèrèsé orí àtẹ̀gùn wọlé. Lójú màmá mi, òkùnkùn ni ibẹ̀. Lójú LDR, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀.

Iye tí mò ń wá wà níbì kan láàárín 10 àti 220, kò sì sí ìwé tó lè sọ ọ́ fún mi. LDR méjì tí wọ́n jọ ti inú páálí kan náà jáde kì í bá ara wọn mu gẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ bí iná òpópónà wa ṣe mọ́lẹ̀ tó sílẹ̀ níbì kankan. Mo lè máa yọ rẹsísítọ̀ kan, kí n máa ki òmíràn bọ̀ ọ́, nínú òkùnkùn, lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo gbìyànjú ẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló ń ba àyẹ̀wò jẹ́, torí LDR ń rí i.

Ibẹ̀ ni àpótí ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń wá a lọ́jà, “resistance decade box” tàbí “resistance substitution box” ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Tèmi ní kókó mẹ́fà tí à ń yí bíi ti rédíò, àti ihò méjì tí à ń ki wáyà sí. Kókó kìíní ń ka ohm 1, ìkejì 10, ìkẹta 100, ìkẹrin 1,000, ìkarùn-ún 10,000, ìkẹfà 100,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ láti 0 dé 9. Nínú rẹ̀, rẹsísítọ̀ mẹ́sàn-án tí iye wọn dọ́gba ló tò tẹ̀ léra wọn lẹ́yìn kókó kọ̀ọ̀kan, kókó náà ló sì ń yan iye tí iná máa gbà kọjá nínú wọn. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń sanwó ọjà pẹ̀lú nótì: ẹ ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ ro wọ́n pọ̀. Irú kejì tún wà, tó jẹ́ pé kìkì iye tí wọ́n ń tà lọ́jà ló wà lórí rẹ̀. Ó dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn onínọ́ńbà tèmi, torí ó máa ń jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe súnmọ́ ẹnu ààlà tó.

Ẹnì kan á ní, ṣebí rẹsísítọ̀ aláyìípo lásán wà, irú èyí tí à ń fi yí ohùn rédíò sókè sódò? Ó wà, kò sì wọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá yí i dé ibi tó dáa, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ ní láti tú u, kẹ́ ẹ fi mítà wọ̀n ọ́, kọ́wọ́ yín má sì gbọ̀n kó yí padà kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́. Àpótí ń sọ nọ́ńbà fún yín lójú ẹsẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ sọ́fítíwíà bíi tèmi: ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn kọ nọ́ńbà mọ́ inú kóòdù, kó máa tún un kọ́ ní gbogbo ìgbà, àti kó fi í sínú fáìlì tó lè yí padà nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àpótí ni fáìlì yẹn.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní 1843, níbí ní London, Charles Wheatstone ti King’s College ṣàlàyé ọ̀nà ìwọn ìdènà kan níwájú Royal Society, èyí tí Samuel Hunter Christie ti kọ́kọ́ gbé jáde ní 1833. Ẹ fi ìdènà tẹ́ ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ sì lè yí, dojú kọ èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀, kẹ́ ẹ máa yí i títí àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Mo máa ń rántí ọkùnrin yẹn tí mo bá di kókó mú.

Kí n tó so àpótí mọ́ sákíìtì, nǹkan kan wà tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Tí gbogbo kókó bá wà lórí 0, àpótí ò yàtọ̀ sí wáyà lásán. Fóltì 5 á wọ ẹsẹ̀ transísítọ̀ tààrà, ó parí nìyẹn. Nítorí náà mo fi rẹsísítọ̀ 4.7 kΩ kan tẹ̀ lé àpótí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Kódà tí mo bá ṣì í yí, ìyẹn ò ní jẹ́ kí iná tó pọ̀ kọjá. Ẹ má rò pé ẹ ò ní ṣì í yí o. Láti 90 kΩ lọ sí 100 kΩ, kókó méjì lẹ máa yí. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dá 9 padà sí 0, òdo lẹ wà yẹn, ẹ ò tíì dé 100. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti òkè ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kí n tó máa sọ̀ kalẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, a pa gbogbo iná ilé. Màmá jókòó sókè àtẹ̀gùn, wọ́n fi ìborùn bo èjìká, èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àpótí. Mo ti sàmì sí ara kókó kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa fọwọ́ kà á láìtan tọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 200 kΩ. Kò sí nǹkan. 150, kò sí nǹkan. Ní 120, LED ṣẹ́jú fírí, mo sì rò pé a ti dé, àfi bí mo ṣe rí i pé àárín ìyípo ló ti ṣẹ́jú. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nígbà tí ọwọ́ ṣì ń yí, ẹ má kà á sí. Ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ ná. Ní 90, ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Ní 75, màmá ní, “Mo ti ń rí ẹsẹ̀ mi.”

Ẹ fi ti ẹ̀ṣọ́ kún un: 75 àti 4.7, ó di 79.7 kΩ. Wọn kì í ta 79.7. Àwọn iye tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń lọ báyìí: 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68, 82, lẹ́yìn náà 100, kó tún bẹ̀rẹ̀. 82 ló súnmọ́ ọn jù. Èyí tó ní ìlà wúrà lára lè fi ìdá 5 nínú 100 yẹ̀ sókè tàbí sódò, ìyẹn láti 77.9 dé 86.1, nítorí náà mo fi mítà wọ̀n mẹ́rin, mo mú èyí tó kéré jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì mo jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Mo rò pé ó ti tán. Ní òwúrọ̀ màmá ní, “Iná yín yìí, ó ń wò mí lójú bí ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró.” Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èmi ni mo ṣírò rẹsísítọ̀ tó wà lójú LED: ó yọ sí nǹkan bí ohm 360, mo fi 330 sí i, ìṣirò yẹn ò sì lábùkù. Kò kàn sí ojú màmá mi nínú ẹ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, àpótí padà sórí àtẹ̀gùn, ó dípò ti LED lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú 330 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ń sọ, mò ń yí. “Dín in kù. Tún dín in. Háà, ó ti pọ̀ jù, dá a padà díẹ̀. Ó tó! Fi í síbẹ̀.” Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí mo ṣírò lọ. Tẹ́ ẹ bá wo àwọn iye tí mo kà sókè, 15 wà níbẹ̀, nítorí náà 1.5 kΩ wà lọ́jà.

Àpótí ò lè ṣe gbogbo nǹkan. Rẹsísítọ̀ inú rẹ̀ kéré. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìdajì watt tàbí watt kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Tẹ́ ẹ bá fi ohm 100 sójú fóltì 12, watt 1.44 nìyẹn, á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè má kú. Iye rẹ̀ á kàn yí padà, àpótí á wá máa parọ́ fún yín láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ ò sì ní mọ̀. Mo máa ń fi mítà yẹ tèmi wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì so ó mọ́ iná ilé láéláé. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe nǹkan tó jẹ mọ́ rédíò, ẹ gbé e tì: wáyà gígùn àti kókó inú rẹ̀ ní ìwà tiwọn tó ń bá sákíìtì jà.

Kapásítọ̀ náà ní àpótí tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n tò sí níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn ara wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni kapásítọ̀ ṣe ń ròpọ̀. Ó dáa tẹ́ ẹ bá ń wá bí nǹkan ṣe máa pẹ́ tó kó tó tàn tàbí kó tó kú. Fún àwọn iye tó kéré gan-an, ẹ má gbà á gbọ́, torí wáyà tẹ́ ẹ fi so ó náà ti di kapásítọ̀.

Iná ọ̀hún ṣì wà lórí àtẹ̀gùn wa. Kí màmá tó padà sí Ìbàdàn, wọ́n ní kí n ṣe ọ̀kan fún àwọn náà, fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti jó gbogbo rẹ̀ tán àfi R. Kò sí iná òpópónà níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, gilóòbù sólà aládùúgbò ló wà níbẹ̀, ó sì máa ń kú ní nǹkan bí aago méjì òru. Tí mo bá ń lọ ní December, àpótí á wà nínú báàgì mi.