Ojú Òpó Ní Kọ̀ǹpútà Mi, Fóònù Ni

Ọ̀rọ̀ èdè la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà díẹ̀. Ó kan owó ìfẹ̀yìntì, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èmi bàbá arúgbó yìí, ẹ̀yin náà ti fẹ̀yìn tì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n ní kí àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì lọ kọ fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi hàn pé a ṣì wà láàyè. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún wa. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, owó oṣù tó ń bọ̀ lè má wọlé fún un. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo ṣí ojú òpó náà. Ohun tí mo rí ni pé fóònù ni mò ń lò, kí n lọ wá kọ̀ǹpútà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kọ̀ǹpútà ràgàjì ló wà níwájú mi lórí tábìlì, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ.

Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà yín ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n nu gbogbo ẹ̀ kúrò, kí n fi Windows tuntun sí i." Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó ní sùúrù ná. Mo wá pe akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ti di ẹni tó ń fi kíkọ́ ojú òpó jẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Prof, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án o. Ojú òpó ò rí kọ̀ǹpútà yín rárá, sà. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un nìkan ló mọ̀."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ẹ bá ṣí ojú òpó kan, kò sí ojú tó fi ń wo ohun tó wà lórí tábìlì yín. Nǹkan méjì ló sábà máa ń gbára lé. Èkíní ni ohun tí búráúsà yín, ìyẹn Chrome tàbí Firefox tàbí Edge, bá sọ nípa ara rẹ̀. Èkejì ni bí àyè tí ẹ fún ojú ewé náà ṣe fẹ̀ tó. Bí ojú òpó bá pe kọ̀ǹpútà ní fóònù, ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká mọ èwo ni.

Ẹ jẹ́ ká mú èkíní. Gbogbo ìgbà tí búráúsà bá béèrè ojú ewé kan, ó máa ń kọ́kọ́ ki ara rẹ̀. User-Agent ni àwọn onímọ̀ ń pe ìlà yìí. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni lédè Yorùbá, oríkì ni mo rí níbẹ̀. Bí Chrome orí Windows bá ń ki ara rẹ̀, ó máa fi Mozilla/5.0 bẹ̀rẹ̀, yóò dárúkọ Windows, yóò dárúkọ AppleWebKit, kó tó wá dárúkọ ara rẹ̀, yóò sì fi Safari parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Mozilla, kì í sì í ṣe Safari! Ìtàn ló fà á. Nígbà tí Netscape dé ní 1994, Mozilla ló ń pe ara rẹ̀ nínú oríkì yìí. Ó mọ àwọn nǹkan kan ṣe tí àwọn mìíràn ò mọ̀, nítorí náà, àwọn ojú òpó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá ń jẹ́ Mozilla ní ojú ewé tó dára jù. Internet Explorer ti Microsoft dé, kò pẹ́ tí òun náà fi sọ pé Mozilla lòun, kí wọ́n má baà fi nǹkan dù ú. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń dé lẹ́yìn ti ń gba orúkọ àwọn tó ṣáájú wọn.

Ní ti fóònù Android, ẹ máa rí Android nínú oríkì rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ náà, Mobile. Ọ̀rọ̀ Mobile yìí ni ọ̀pọ̀ ojú òpó ń tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ẹ̀rí. Láti 2019 tí iPadOS 13 ti jáde ni Safari orí iPad ti máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà Mac lòun. Bí iPad bá lè pe ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà lè ṣèèṣì pe ara rẹ̀ ní fóònù.

Èkejì ni ìbú. Ní 2010, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ethan Marcotte kọ àpilẹ̀kọ kan tó sọ pé kò yẹ ká máa kọ́ ojú òpó kan fún fóònù, ká tún kọ́ òmíràn fún kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ojú ewé kan ṣoṣo máa tún ara rẹ̀ tò bí àyè bá ṣe fẹ̀ sí. Ìmọ̀ràn náà dára, ayé sì gbà á. Píksẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn àyè yìí. Ọ̀pọ̀ ojú òpó fi ààlà sí píksẹ́lì 768: bí àyè yín bá kéré sí i, fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kà yín sí.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi. Ojú kọ̀ǹpútà mi jẹ́ píksẹ́lì 1366 ní ìbú, ó sì ju ààlà náà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú ti ń dùn mí, mo ti ní kí Windows mú gbogbo nǹkan tóbi dé 125%. Ẹ fi 1.25 pín 1366, ẹ máa rí nǹkan bí 1093. Kò tíì burú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ṣì kéré lójú mi, mo tún mú un tóbi nínú búráúsà dé 150%. Ẹ fi 1.5 pín 1093, ó di bí 728. Mo ti bọ́ sábẹ́ ààlà nìyẹn! Ojú kọ̀ǹpútà ò kéré sí i, ṣùgbọ́n lójú òpó náà, àyè ti há, ó sì gbà pé fóònù ni. Mo di Ctrl mú, mo tẹ òdo, kí lẹ́tà padà sí bó ṣe wà. Kíá ni ìkìlọ̀ pòórá, tí fọ́ọ̀mù yọ.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ná. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí.

Àkọ́kọ́, ẹ fẹ fèrèsé búráúsà kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ Ctrl àti 0. Bí ojú ewé bá yí padà, ìbú ló fà á, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀kejì, ẹ wo àdírẹ́sì lókè. Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín láti orí fóònù? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdírẹ́sì méjì ni Wikipedia Yorùbá ní: yo.wikipedia.org fún kọ̀ǹpútà, yo.m.wikipedia.org fún fóònù. Bí ẹ bá rí irú m báyìí nínú àdírẹ́sì, ẹ yọ òun àti àmì ìdánudúró tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí fèrèsé àdáni. Ctrl, Shift àti N ni ní Chrome àti Edge. Ctrl, Shift àti P ni ní Firefox. Bí ojú òpó bá dára níbẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan kan tí búráúsà yín tọ́jú ló ń dà á láàmú. Ó lè jẹ́ kúkì, ìyẹn ìwé pélébé tí ojú òpó fi ń rántí yín, tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà kan pé ojú ewé fóònù lẹ fẹ́. Ẹ pa kúkì ojú òpó yẹn nìkan rẹ́. Ẹ má pa ti gbogbo ayé rẹ́, kí ẹ má baà máa wá ọ̀rọ̀ aṣínà kiri. Ó sì lè jẹ́ àfikún kan tó ń yí oríkì búráúsà padà, tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín fi síbẹ̀ tó gbàgbé. Ẹ pa á.

Ẹ̀kẹrin, bóyá ọwọ́ yín ṣèèṣì kan bọ́tìnnì kan. Ní Firefox, bí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti M pọ̀, búráúsà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi fóònù, ojú ewé á sì há sí àárín. Ẹ tún un tẹ̀, á kúrò. Ní Chrome, inú irinṣẹ́ tí F12 ń ṣí ni irú rẹ̀ wà. Ẹ tẹ F12 kí ẹ pa á dé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbìyànjú búráúsà mìíràn. Bí òun náà bá sọ ohun kan náà, ó ṣeé ṣe kí àléébù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ojú òpó. Àwọn mìíràn rò pé ohunkóhun tó bá ti ṣeé fọwọ́ tẹ̀ lójú, fóònù ni, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀ lójú pọ̀ lóde. Nígbà mìíràn, sáfà wọn ti tọ́jú ojú ewé tí ẹnì kan fi fóònù béèrè, òun náà ló ń há fún gbogbo èèyàn. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí ìyẹn nílé ju kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sọ orúkọ búráúsà yín, aago tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán ohun tí ẹ rí kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ̀ǹpútà rárá ńkọ́? Lórí fóònù Android, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè Chrome, kí ẹ mú "Desktop site". Fóònù á yí oríkì rẹ̀ padà, á ní kọ̀ǹpútà lòun, á sì fẹ àyè lójú òpó náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tó.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni mo ṣe wá ka fọ́ọ̀mù náà nígbà tí lẹ́tà ti padà kéré. Bọ́tìnnì Windows àti àmì ìròpọ̀ ni mo tẹ̀ pọ̀. Awò kan wà nínú Windows tí ìyẹn ń gbé jáde. Ó máa ń mú ohun tí a ń wò tóbi láìfún ojú ewé ní àyè. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ Windows àti Esc.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ ojú òpó. Láti 2008 ni ìlànà WCAG 2.0 ti W3C ti sọ pé ó yẹ kí èèyàn lè mú ọ̀rọ̀ tóbi dé 200% láìpàdánù ohun tó wà nínú ojú ewé tàbí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Èmi ò tíì dé ibẹ̀ tí wọ́n fi tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Ta ló sì ń mú lẹ́tà tóbi jù, bí kì í bá ṣe àwa tí ojú wa ti ń ṣú? Fọ́ọ̀mù tí ẹ ṣe fún arúgbó, ojú arúgbó náà ló ń lé e jáde. Ẹ jẹ́ kí ó ṣeé kọ lórí ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn.

Mo kọ tèmi tán ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà. Ní Ọjọ́bọ̀, mo tẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì láago. Ọ̀kan ti kọ tirẹ̀. Èkejì ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní fóònù ni mò ń lò, mo ti jù ú sílẹ̀." Mo ní kó di Ctrl mú, kó tẹ òdo. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá pariwo pé, "Ó ti yọ o!"

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tí kò tíì kọ tiwọn. Ire o.