Iṣẹ́ Ni Kí A Fi Sọ Irinṣẹ́ Lórúkọ: Àkíyèsí lórí Èdè-Ìperí Ilé-Ìdáná Olóòrùn

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ilé-ìdáná tí ó bá fẹ́ lo oòrùn láìkọ ọgbọ́n àwọn ìyá wa sílẹ̀ nílò irú ààrò mẹ́ta bẹ́ẹ̀: ohun tí ń gba ooru, ohun tí ń pa ooru mọ́, àti ohun tí ń gbé ooru lọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé bí a kò bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣìnà, owó onílé yóò sì ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, èyíinì ni sólà. Ohun tí a mọ̀ sí sólà ni pátákó orí òrùlé tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná. Bí ògbufọ̀ bá wá pe àpótí onídígí tí a fi ń se oúnjẹ nínú oòrùn ní 'ààrò sólà', òǹkàwé yóò rò pé pátákó kan ṣoṣo tó láti se iṣu. Ìṣirò kékeré yóò tú àṣìṣe yìí fó. Ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, agbára oòrùn tí ń bọ́ sórí ibi tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà kan, tó nǹkan bí 1,000 wáàtì. Pátákó òde òní ń sọ nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún rẹ̀ di iná, èyí tí í ṣe 200 wáàtì. Sítóòfù oníná tí ń gba 1,000 wáàtì yóò nílò irú pátákó bẹ́ẹ̀ márùn-ún.

Àpótí ní tirẹ̀ kì í ṣe iná mànàmáná rárá. Ooru nìkan ni ó ń gbà. Horace-Bénédict de Saussure, onímọ̀ ará Switzerland, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1767: dígí bò ó lójú, inú rẹ̀ dúdú, ìgbóná rẹ̀ sì tó nǹkan bí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, a dábàá asoòrùndiná fún pátákó, àti agbooru fún àpótí.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìdáná wa fúnra wọn ti fi ibi tí agbára agbooru mọ hàn. A lè fi í se ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, nítorí pé omi ń hó ní 100. A kò lè fi í dín àkàrà, nítorí pé epo dídín ń fẹ́ ìgbóná tí ó súnmọ́ 180. A kò sì lè fi í ro àmàlà, nítorí pé ẹni tí ń rokà gbọ́dọ̀ ṣí ìkòkò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbooru tí a bá ṣí ti pàdánù ooru rẹ̀. Ààrò oníná kò tí ì lè kúrò nílé, ṣùgbọ́n a lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé ṣokùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní 2020.

Ààrò kejì ni apẹ̀rẹ̀ tí a fi àkísà tàbí ewé gbígbẹ tẹ́, tí a ń gbé ìkòkò sí lẹ́yìn tí ó bá ti hó, kí oúnjẹ lè máa jinná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Igbá oníderí tí a ń kó iyán sí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. A dábàá aṣọ́oru, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé aṣọ́bodè.

Ẹ̀kẹta kò nílò orúkọ tuntun, nítorí àmù ni. Omi ń jáde láti inú ihò tíntìntín ara amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń gbé ooru lọ. Ní àwọn ọdún 1990, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní apá àríwá Nàìjíríà, ti ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi yanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì fi í pa ẹ̀fọ́ àti èso mọ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí rẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan. Ooru ni a ń pe ohun tí ń mú kí nǹkan gbóná. Ooru náà sì ni a ń pe ohun tí ń jáde lẹ́nu ìkòkò tí ń hó. Olùkọ́ tí ó bá wí pé 'ooru bo dígí, ooru kò sì pọ̀ nínú àpótí mọ́' ti da ọmọ rú. Kí a fi ooru sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, kí a máa pe èkejì ní ooru omi nígbà gbogbo, kí ìwọ̀n ìgbóná sì jẹ́ ti ohun tí a ń fi òṣùwọ̀n wò.

Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀, ẹ gbé àwọn àbá yìí lọ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ bá àwọn tí ń dáná. Èyí tí kò bá rọ̀ wọ́n lẹ́nu nínú wọn, kí a wá òmíràn dípò rẹ̀.